Lẹ́tà Mẹ́rin

Lẹ́yìn àwọn aláró ní Ìtòkú,
níbi tí omi aró ti ń ṣàn gba ojú gọ́tà, tó dúdú bí òru,
ni ṣọ́ọ̀bù páànù Bọ̀dá Ṣótúndé wà:
tẹlifíṣàn méjì, bẹ́ǹṣì kan, jẹnẹrétọ̀ tó ń wúkọ́.
Ogún náírà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.
Àwọn tó kù ń gbá bọ́ọ̀lù lójú ẹ̀rọ, wọ́n ń pariwo góòlù.
Èmi àti Ìbídùn, igun ni tiwa,
níwájú eré kan tó ti Japáànù wá
tí a kò lè ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Ojú la fi mọ̀ ọ́n.
Ìlà kìíní: jà.
Ìlà kejì: ohun tó ń jó bí iná.
Ìlà kẹta ni oògùn.
Ìlà kẹrin, bá ẹsẹ̀ rẹ sọ̀rọ̀.
Ìbídùn ya gbogbo àmì náà sẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀,
tíṣà nà án nítorí ẹ̀.

Ẹ̀rọ bi wá ní orúkọ wa.
Lẹ́tà mẹ́rin péré ló gbà, kò mọ àmì ohùn.
IBID. KAYO.
Mo ní kó jẹ́ oníṣègùn, torí pé obìnrin ni.
Ó wò mí títí.
"Wo ara rẹ sàn. Èmi, idà ni kí wọ́n fún mi."
Bí mo ṣe di ẹni tó ń gbé ìgò oògùn nìyẹn,
tí mo ń sá tẹ̀lé àbúrò mi
la aṣálẹ̀ kọjá, la ìlú abẹ́ omi kọjá,
títí dé ìlú kan tí gbogbo ará ibẹ̀ sá pamọ́ sábẹ́ àpáta.
Ìbídùn bú sẹ́rìn-ín:
"Ta ló rojọ́ Ẹ̀gbá fún àwọn ará Japáànù?"

Ohun tí mo fẹ́ràn jù, ẹ jẹ́ n sọ ọ́:
ọ̀tá ibẹ̀ máa ń dúró.
Ejò abìyẹ́ á la ẹnu, eyín á hàn gàǹgà,
síbẹ̀ kò ní bù ọ́ jẹ títí wàá fi ronú tán.
Ó kàn ọ́, ó kàn mí.
Ní Láfẹ́nwá, ta ló ń dúró de ènìyàn?
Onílé kò dúró. Owó iléèwé kò dúró.
Iná ìjọba lọ lálẹ́ ọjọ́ tó kù díẹ̀ kí a pa ọba òkùnkùn,
kí a tó dé ìdí àbẹ́là tí wọ́n ti ń fi ìrìn àjò pamọ́.
Wákàtí mẹ́ta di òfo.
Ìbídùn kò sunkún. Nínú òkùnkùn, ó bi mí léèrè:
"Ìgò mélòó ló kù lọ́wọ́ rẹ?"

Bọ̀dá Ṣótúndé, tó ti mọ eré náà
láti ìgbà tí irun orí tirẹ̀ ṣì kún, sọ fún wa pé ìkẹfà lèyí.
"Nínú àkọ́kọ́, ènìyàn ò ju horo àgbàdo lọ,
kò lójú, kò nímú.
Nínú ìkẹta, wọ́n hu irun.
Ìkarùn-ún ni òjìji wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé wọn.
Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń pa ayé ibẹ̀ rẹ́ tí wọ́n ń dá òmíràn.
Bàbá ọlọ́kọ̀ ojú odò nìkan ni kì í lọ.
Bí ẹ̀rọ ṣe ń lágbára sí i
ni híhunjọ ojú rẹ̀ ń hàn sí i."

Ọdún méjìdínlógún.
Ìbídùn ń wọ aṣọ kọ́sítọ́ọ̀mù ní Ìdírókò;
ìbọn ni wọ́n fún un.
Èmi ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Sápọ́n.
Lánàá, ọmọ kan gbé ògbólógbòó ẹ̀rọ kan wá, eruku bò ó,
ó ní ti ẹ̀gbọ́n bàbá òun ni, Ṣótúndé, olóògbé.
Mo jó wáyà rẹ̀ pọ̀. Mo tàn án.
Káàdì ìrántí ṣì wà nídìí rẹ̀.
IBID. KAYO. Ìgò oògùn mẹ́sàn-án.

Mo pè é. Ariwo bodè kún inú fóònù.
"Ṣé bàbá yẹn ṣì ń dúró?"
Mo wò ó: àjẹ̀ lọ́wọ́,
èjìká rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀.
"Ó ń dúró."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Má gun ọkọ̀ láìsí mi."